Kì í ṣe Cairo ni wọ́n ti bí ìjà àwọn ará Palẹ́sítínì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí ojú olóòtú ń rí kí ìwé tó jáde láàárọ̀. Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi gùn. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ gé e, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ibi tí ọdún wà.

Àpilẹ̀kọ kan tí ẹ tẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Palẹ́sítínì ló mú mi gbé gègé. Ẹni tó kọ ọ́ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ọmọ Palẹ́sítínì títí di ọdún 1964, pé Gamal Abdel Nasser, ààrẹ Íjíbítì, ló jókòó sí Cairo tó dá PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Palẹ́sítínì, sílẹ̀ kó lè fi da Ísírẹ́lì láàmú. Lẹ́yìn náà ni òǹkàwé kan fèsì pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìjà ẹ̀sìn ni láti ayébáyé, Mùsùlùmí kọjú sí Júù. Ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn sí òtítọ́. Ìjà yìí ti wà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kí PLO tó wà, orí ilẹ̀ oko ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn ló sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

Ní ọdún 1858, ìjọba Ottoman, tó ń ṣàkóso gbogbo àgbègbè náà láti Istanbul, ṣe òfin pé kí olúkúlùkù wá fi orúkọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń dáko sí. Ẹ̀rù ba àwọn àgbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí orúkọ èèyàn bá ti wọ ìwé ìjọba, owó orí ló kàn, tàbí kí wọ́n wá mú ọmọ rẹ̀ lọ ṣe ṣójà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ṣe bọ́ sórí orúkọ àwọn gbajúmọ̀ ìlú àti àwọn oníṣòwò ńlá. Ìdílé Sursock, tó jẹ́ pé Beirut ni wọ́n fi ṣe ibùgbé, ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní àfonífojì tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Marj Ibn Amir, èyí tí Bíbélì pè ní àfonífojì Jésíréẹ́lì. Àgbẹ̀ ń ro oko rẹ̀ lọ, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó yí padà.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ Síónì, tó fẹ́ kí àwọn Júù ní ilé tiwọn ní Palẹ́sítínì, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó là. Àwọn Júù Yúróòpù ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Basel lọ́dún 1897. Inúnibíni tí wọ́n ń fara gbá ní Rọ́ṣíà àti káàkiri Yúróòpù kì í ṣe kékeré, mi ò sì sọ pé wọn kò nídìí láti wá ibi forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí Júù fọwọ́ ara rẹ̀ ro oko, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ ní láti kó ẹrù rẹ̀. Kódà kí wọ́n tó ṣe ìpàdé Basel, àwọn ará abúlé ti kọlu Petah Tikva, abà tí àwọn Júù tẹ̀ dó, lọ́dún 1886 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tó di 1891, àwọn gbajúmọ̀ Jerúsálẹ́mù tẹ wáyà sí Istanbul pé kí ìjọba má jẹ́ kí àwọn Júù tó ń bọ̀ láti òkèèrè wọlé mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ta ilẹ̀ fún wọn.

Lẹ́tà kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní March 1899, Yusuf Diya al-Khalidi, ọ̀mọ̀wé tó ti ṣe olórí ìlú Jerúsálẹ́mù rí, tó sì ti jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ottoman, kọ̀wé sí Zadok Kahn, olórí àwọn rábì ilẹ̀ Faransé, kó lè bá a fi han Theodor Herzl, olórí ẹgbẹ́ Síónì. Kò bú wọn. Ó ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ tọ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń gbé orí ilẹ̀ yẹn. Ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi Palẹ́sítínì sílẹ̀. Herzl dá a lóhùn láàárín oṣù náà. Ó ní owó tí àwọn Júù yóò kó wá yóò sọ gbogbo èèyàn di ọlọ́rọ̀, ta ló tún fẹ́ lé ẹnikẹ́ni kúrò? Ọdún 1899 nìyẹn o. Nasser kò tíì délé ayé.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nípa àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun ilẹ̀ Tọ́kì gba agbára lọ́wọ́ Sultan lọ́dún 1908, wọ́n tú ìwé ìròyìn sílẹ̀ lẹ́nu. Kí ọdún náà tó parí, Najib Nassar, ọkùnrin tó ti ń po oògùn ní ilé ìwòsàn ní Tiberias tẹ́lẹ̀, ti dá ìwé ìròyìn al-Karmil sílẹ̀ ní Haifa. Ní January 1911, Isa al-Isa àti ìbátan rẹ̀ Yusuf al-Isa dá tiwọn sílẹ̀ ní Jaffa, ìlú tí àwọn òǹkàwé Bíbélì mọ̀ sí Jọ́pà. Wọ́n pè é ní Filastin, orúkọ ilẹ̀ náà gan-an. Ẹ kíyè sí ọdún yẹn: 1911. Inú ìwé yìí ni wọ́n ti ń pe àwọn òǹkàwé wọn ní ọmọ Palẹ́sítínì, nígbà tí apá kan ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Jerúsálẹ́mù, tí àríwá rẹ̀ sì wà lábẹ́ gómìnà Beirut, tí kò sí ìjọba kankan tó ń jẹ́ Palẹ́sítínì.

Ọ̀ràn tó kọ́kọ́ mú iná jó lójú àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí ni ti abúlé al-Fula, lẹ́bàá Násárẹ́tì. Ọ̀kan nínú àwọn Sursock ta ilẹ̀ abúlé náà fún ẹgbẹ́ Síónì lọ́dún 1910. Shukri al-Asali, aláṣẹ ìjọba Ottoman ní Násárẹ́tì, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ, ó kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, orúkọ tó sì fi bojú ni Saladin, torí ògbólógbòó odi ogun tí Saladin, ọba Mùsùlùmí, gbà lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù láyé àtijọ́ wà lórí ilẹ̀ al-Fula. (Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí òǹkàwé tó lè fojú fo irú orúkọ bẹ́ẹ̀.) Wọ́n padà lé àwọn àgbẹ̀ náà kúrò. Ṣùgbọ́n al-Asali wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1911, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ọ̀rọ̀ abúlé kan ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ní Istanbul, ìwé ìròyìn ló gbé e rin. Al-Asali kò dàgbà jìnnà. Jamal Pasha, gómìnà Ottoman ní Síríà, so ó kọ́ ní Damásíkù lọ́dún 1916 pẹ̀lú àwọn Lárúbáwá mìíràn tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn.

Àwọn al-Isa ń fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí àwọn abúlé, kí àgbẹ̀ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ìjọba ti ìwé náà pa ní 1914, wọ́n sì lé Isa lọ sí ìgbèkùn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Òǹkàwé yín tó ní ìjà ẹ̀sìn ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé onígbàgbọ́ ni Nassar, onígbàgbọ́ ni àwọn al-Isa méjèèjì. Nígbà tí àwọn èèyàn sì kóra jọ lẹ́yìn ogun lọ́dún 1918, Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wọ́n pe ara wọn láti ìlú dé ìlú.

Ogun yẹn ló yí gbogbo nǹkan dà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Ottoman. Ní November 2, 1917, Arthur Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèlérí pé ìjọba òun yóò ran àwọn Júù lọ́wọ́ láti ní ilé tiwọn ní Palẹ́sítínì. Ìlérí náà kò ju ọ̀rọ̀ 67 lọ. Àwọn Lárúbáwá tó ń gbé ibẹ̀ kò rí orúkọ ara wọn nínú rẹ̀. "Àwọn tí kì í ṣe Júù" ni wọ́n pè wọ́n, ẹ̀tọ́ ìlú àti ti ẹ̀sìn ni wọ́n sì ṣèlérí fún wọn, kò sí ẹ̀tọ́ ìṣèlú níbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1922 fi hàn pé èèyàn tó lé ní 750,000 ló wà ní ilẹ̀ náà, Júù tó wà nínú wọn kò ju bíi 84,000 lọ.

Ibi kan wà tí mo gbọ́dọ̀ gbà fún ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yín. Ní ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn Lárúbáwá Palẹ́sítínì ṣe ní Jerúsálẹ́mù ní 1919, ìpinnu wọn ni pé kí Palẹ́sítínì jẹ́ ara Síríà, lábẹ́ ọmọ aládé Faysal ní Damásíkù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní July 1920 àwọn ṣójà Faransé lé Faysal kúrò lórí oyè. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Haifa ní December ọdún yẹn kan náà, ìjọba tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì fi Musa Kazim al-Husayni ṣe olórí. Ẹni tí wọ́n bá já ilẹ̀kùn kan mọ́ lójú yóò wá òmíràn. Èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Gẹ̀ẹ́sì mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilé níyà. Musa Kazim ni olórí ìlú Jerúsálẹ́mù títí di 1920. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn rúkèrúdò ọdún Nabi Musa, ọdún ẹ̀sìn àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀, wọ́n gbé ipò náà fún Raghib al-Nashashibi, ọmọ ìdílé tí ó ń bá ti Husayni díje. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọmọ Husayni mìíràn, Hajj Amin, ṣe Mufti Jerúsálẹ́mù, olórí ẹ̀sìn Mùsùlùmí ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló gbé ipò kìíní nínú ìdìbò. Láti ìgbà náà lọ, bí ìdílé kan bá ní ká lọ sọ́tùn-ún, èkejì á ní òsì ni. Ìdìtẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kò le tó ìdìtẹ̀ láàárín ara wọn. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé àwọn kan nínú àwọn gbajúmọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ìlòdì sí títa ilẹ̀ lọ́sàn-án ń tà á lóru. Àwọn Sursock náà ta èyí tó pọ̀ jù nínú Marj Ibn Amir láàárín ọdún 1921 sí 1925, abúlé lórí abúlé sì tú.

Ní 1929, ìjà lórí ògiri mímọ́ tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà ní Jerúsálẹ́mù gba gbogbo ilẹ̀ náà: Júù 133 kú, Lárúbáwá 116. Ní Hébúrónì, wọ́n pa Júù 67, àwọn tí ìran wọn ti ń gbé ìlú náà tipẹ́ wà nínú wọn. Ìwà ìkà ni, n kò ní fi aṣọ bò ó torí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn. Ní October ọdún náà, obìnrin Lárúbáwá tó lé ní 200 pàdé ní Jerúsálẹ́mù, ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n kó ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ọkọ̀ wọ́de káàkiri ìlú. Ìwé ìtàn kì í sábà rántí wọn.

Ibo ni àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Haifa láti ṣe lébìrà ní èbúté àti ojú irin, wọ́n ń sun inú ahéré tí wọ́n fi agolo kàn. Ibẹ̀ ni Izz al-Din al-Qassam ti rí wọn. Ọmọ Síríà ni, lèmọ́mù ni, Faransé ti ń wá a kó tó sá wá. Kò bá àwọn ọmọ ìdílé ńlá ṣe. Àwọn lébìrà ló kó jọ, ó ń kọ́ wọn ní kéú, ó sì ń kọ́ wọn ní ìbọn. Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì pa á nínú igbó lẹ́bàá Ya'bad ní November 20, 1935. Èrò tó sin òkú rẹ̀ ní Haifa kò lóǹkà. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ìjà náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn gbajúmọ̀.

Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní April 1936, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, Nablus àti Jaffa ṣáájú, ló kéde rẹ̀, ìgbà tí iná ti ràn ni àwọn olórí tó sáré kóra jọ lábẹ́ Hajj Amin. Ohun mẹ́ta ni wọ́n bèèrè: kí wíwọlé àwọn Júù dúró, kí títa ilẹ̀ dúró, kí wọ́n ní ìjọba tiwọn. Ìsọ̀ wà ní títì fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ọba Lárúbáwá ló ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní October. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Peel, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn, dábàá ní 1937 pé kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gẹ̀ẹ́sì kó márùn-ún nínú àwọn olórí lọ sí erékùṣù Seychelles. Hajj Amin sá lọ sí Lẹ́bánónì.

Ní 1938, àwọn ajàjàgbara tó ti inú oko wá pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin ìgboro bọ́ fìlà pupa ilẹ̀ Tọ́kì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀lájú, kí wọ́n wé kufiyya, aṣọ ìwérí, bíi ti àgbẹ̀, kí ṣójà má baà dá ajàjàgbara mọ̀ láàárín èrò ọjà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lọ́yà àti dókítà ti wé aṣọ àgbẹ̀ sórí. Aṣọ tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n títí dòní, ibẹ̀ ló ti di àmì.

Gẹ̀ẹ́sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣójà tẹ ìjà náà rì ní 1939. Àwọn ará Palẹ́sítínì tún ń pa ara wọn: ọwọ́ àwọn Nashashibi wọ ọwọ́ ìjọba láti dọdẹ àwọn ajàjàgbara, àwọn ti Husayni náà ń pa ẹni tí wọ́n bá pè ní ọ̀dàlẹ̀. Isa al-Isa, tó wà lẹ́yìn àwọn Nashashibi, kó lọ sí Lẹ́bánónì. Hajj Amin ní tirẹ̀ dé Berlin, ó sì bá Hitler jókòó ní November 1941. Ìpinnu yẹn kò bọ́gbọ́n mu, kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, àwọn ọ̀tá ìjà náà sì ń fi í lù wọ́n títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti pín ilẹ̀ náà ní November 29, 1947, ẹgbẹ́ tí kò lólórí nílé, tí ìbọn rẹ̀ ti bọ́, ni ogun ọdún 1948, ọdún tí wọ́n dá Ísírẹ́lì sílẹ̀, bá. Àwọn Lárúbáwá Palẹ́sítínì tó ju 700,000 lọ di ogúnléndé. Jaffa, tó ní Lárúbáwá tó lé ní 70,000, ṣẹ́ ku bíi 4,000. Isa al-Isa kú sí Beirut ní 1950.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Salah Khalaf nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kúrò ní Jaffa. Khalil al-Wazir ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí wọ́n lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní Ramla. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà sí àgọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ní Gásà, wọ́n bá Yasser Arafat pàdé nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì lọ ṣiṣẹ́ oṣù ní Kuwait. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ajàjàgbara Fatah sílẹ̀ ní bíi 1959. Kí wọ́n tó yin ìbọn kan, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n tẹ ìwé ìròyìn, ní Beirut, wọ́n pè é ní Filastinuna. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé kí àwọn ọba àti ààrẹ Lárúbáwá yéé sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn.

Ìdí nìyí tí àwọn olórí ilẹ̀ Lárúbáwá fi ṣe ìpàdé ní Cairo ní January 1964. Iná ń jó, wọ́n fẹ́ rí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ fún wọn. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Ahmad Shuqayri, lọ́yà ọmọ Acre, òun ló sì pe àwọn aṣojú 422 jọ sí Jerúsálẹ́mù ní ìparí May láti dá PLO sílẹ̀. Kí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yín lọ ka òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ẹsẹ kẹrìnlélógún. Ó sọ pé ẹgbẹ́ náà kò ní àṣẹ kankan lórí Ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì tó wà lọ́wọ́ ọba Jọ́dánì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lórí Gásà tó wà lọ́wọ́ Íjíbítì. Ta ni irú òfin bẹ́ẹ̀ wúlò fún? Kì í ṣe ọmọ Jaffa tó wà ní àgọ́.

Lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì ṣẹ́gun gbogbo wọn ní June 1967, àṣírí àwọn ọba tú. Ní March 21, 1968, àwọn ọmọ Fatah dúró bá àwọn ṣójà Ísírẹ́lì jà ní Karama, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, dípò kí wọ́n sá. Àwọn ṣójà Jọ́dánì ló jà jù níbẹ̀, kí a sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n Fatah ló mọ bí a ṣe ń kọ ìròyìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rọ́ wọlé. Ní July ọdún yẹn, Nasser fúnra rẹ̀ mú Arafat dání lọ sí Moscow. Ó ti rí i pé òun kò lè dá a dúró. Ní February 1969, Arafat di alága PLO, wọ́n sì ti yọ ẹsẹ òfin tí mo wí yẹn ṣáájú, ní 1968.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun Jọ́dánì ní 1970, ìpànìyàn Munich ní 1972, Arafat ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1974, lẹ́tà mìíràn nìyẹn, bí ẹ bá fún mi láyè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀ròyìn tó ti fẹ̀yìn tì